Àbúrò Mi àti Imú Àwọn Ìjàpá Orí Òkè

                                        Yàrá Kẹta, Àjà Kejì,
                                        Ilé Ìwádìí Ìlera Ẹranko,
                                        Ẹ̀gbẹ́ Afárá Ńlá.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá èyí àbúrò tí eyín iwájú rẹ̀ ti yọ nígbà tí mo rí i kẹ́yìn, ṣé òmíràn ti hù? Orúnkún màmá ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń gun àtẹ̀gùn láìdi ògiri mú? Mo rí àwòrán ṣọ́ọ̀bù àga rẹ tí o fi ránṣẹ́, mo sì rí i pé o ti gba yàrá kejì mọ́ ọn. O kú iṣẹ́, o kú ìnáwó. Ṣùgbọ́n ibi tí o gbé tábìlì ńlá yẹn sí kò dára rárá. Ó dí ẹnu ọ̀nà. Gbé e sẹ́yìn kí àwọn oníbàárà lè ráyè wọlé. Ó tán, mo ti sọ tèmi.

Ara tèmi le koko, àfi oòrùn tó ti sọ ojú mi di dúdú bí ìdí ìkòkò. Ìyá wa wà. Wọ́n ní kí n kí ọ, wọ́n sì ní kí n bi ọ́ pé kí ló dé tí o kò pè wọ́n mọ́. Èmi kọ́ ni kí o dá lóhùn o, àwọn ni kí o pè.

Ó yá, ká bọ́ sórí ọ̀rọ̀. O bi mí nínú lẹ́tà rẹ pé ṣé òótọ́ ni mo fi ilé ìfowópamọ́ sílẹ̀ lọ máa gbé ìjàpá kiri nínú oòrùn. Òótọ́ ni. Mo sì mọ̀ pé o ti rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ. Rẹ́rìn-ín tán, kí o wá gbọ́ ohun tí àbúrò mi ṣe, nítorí bí n kò bá rí ẹni sọ ọ́ fún lọ́sẹ̀ yìí, àyà mi á bẹ́.

O rántí àbúrò mi dáadáa, Jẹ́jẹ́, ẹni tí a máa ń dúró dè títí tó fi máa jẹun tán ká tó lè jáde nílé. Ó ti di dókítà ẹranko báyìí, imú ìjàpá sì ni iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ dá lé. O kà á re, imú ni mo pè é. Gbogbo ìwé tí bàbá wa rán an lọ kà, inú imú ìjàpá inú igbó ló gbẹ́sẹ̀ lé. Àìsàn èémí burúkú kan wà tó máa ń ṣe àwọn ìjàpá wọ̀nyí. Ikun á máa dà nímú wọn, ìpéǹpéjú wọn á wú, èémí wọn á máa dún fín-ín-fín-ín bíi fèrè tó ya. Wọn ò ní lè gbóòórùn oúnjẹ mọ́, wọ́n á máa rù díẹ̀díẹ̀, títí wọ́n á fi kú sínú igbá ẹ̀yìn ara wọn.

Kòkòrò àìfojúrí kan báyìí ni gbogbo dókítà ń nàka sí pé òun ló ń fa àìsàn náà. Ohun tí Jẹ́jẹ́ ń sọ láti ọjọ́ yìí ni pé kéèyàn má wo ọ̀kan ṣoṣo, kó wo gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń gbé inú imú náà. Ó ní imú ìjàpá dà bí ilé ńlá kan tó kún fún ayálégbé. Oríṣiríṣi bakitéríà ló ń gbé ibẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í bá ẹnikẹ́ni jà. Bí ìpáǹle kan bá gba yàrá kan láàárín wọn, tí àwọn yòókù wà níbẹ̀ digbí, kò ní rí àyè ṣe ìpáǹle rẹ̀. Ìgbà tí àwọn èèyàn gidi bá kó jáde ni á gba gbogbo yàrá, tí á sì ba ilé jẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí yé mi kíá. Ìwọ náà mọ irú ilé tí èmi àti ìwọ gbé nígbà tí a wà nílé ẹ̀kọ́ ìṣòwò.

Òun náà ló pè mí wá síbí láti máa bá wọn ṣètò iṣẹ́. Nígbà tí mo dé, ọkọ̀ wà ṣùgbọ́n táyà rẹ̀ ti jò, fíríìjì wà ṣùgbọ́n kò tutù, ìwé àṣẹ láti wọ igbó sì wà lórí tábìlì ẹnì kan tó ti lọ fún ìsinmi. Gbogbo wọn jókòó, wọ́n ń retí. Kí ni wọ́n ń retí? N kò bèèrè lẹ́ẹ̀mejì. Mo lọ bá alága ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ẹranko igbó nílé rẹ̀, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ó fi fọwọ́ sí òmíràn fún mi. Láti ìgbà náà ló ti máa ń ṣe bí ẹni tí kò sí nílé bó bá rí nọ́ńbà mi lórí fóònù.

Ìgbìmọ̀ yìí kan náà ló dá wàhálà sílẹ̀. Òkè olókùúta kan wà lẹ́yìn ìlú tí àwọn ìjàpá igbó ń gbé. Àwọn awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rí èyí tí imú rẹ̀ ń dà létí títì, ni ìgbìmọ̀ bá ní kí Bàbá Dókítà lọ yẹ gbogbo wọn wò. Bàbá Dókítà yìí, àgbà ni wọ́n jẹ́ nínú iṣẹ́ náà. Ìdajì dókítà ẹranko tó wà lágbègbè wa ló jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wọn, Jẹ́jẹ́ sì wà lára wọn. Wọ́n lọ, wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n dá wọn padà sórí òkè, wọ́n wá kọ èsì wọn: kò sí ìjàpá kan tí kòkòrò burúkú náà kò sí nímú rẹ̀. Gbogbo wọn pátá.

Ìgbìmọ̀ ní ó parí nìyẹn. Igbó ààbò ńlá kan wà lódìkejì tí ìjàpá rẹpẹtẹ ń gbé, ibẹ̀ sì ni àwọn ti orí òkè máa ń rìn lọ bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀. Kí wọ́n má baà kó àrùn ran àwọn yẹn, wọ́n ní kí a pa gbogbo ti orí òkè kí òjò tó dé. Ọwọ́ ilé ìwádìí wa nìkan ló kù kó wọ ìwé náà, ọwọ́ Jẹ́jẹ́ gan-an. Jẹ́jẹ́ ní òun kò fọwọ́ sí i.

Mo bi í pé, “Ṣé wọn ò ṣàìsàn ni?”

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, n kò tíì mọ̀.”

“Ṣé wọ́n ń ṣàìsàn nígbà náà?”

“N kò tíì mọ ìyẹn náà.”

Orí fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ mi. O mọ̀ pé bí ohun kan bá wà tí ara mi kò gbà, “n kò tíì mọ̀” ni. Mo ní kó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí àwọn èèyàn lè ríbi gbà. Ó kàn ń wo èsì Bàbá Dókítà ṣáá ni. Ó ní ohun tó ń dun òun ni “gbogbo wọn” yẹn. Ìjàpá igbó kì í bá ara wọn ṣeré, kálukú ló ní ihò tirẹ̀ tó ń dá gbé. Báwo ni imú gbogbo wọn ṣe wá jọra tó bẹ́ẹ̀? Ó ní ọmọ ìyá kan náà tó ń sùn lórí ẹní kan kò lè ní imú tó jọra báyẹn.

Ọjọ́ kan ni Bàbá Dókítà fúnra wọn yà wá sọ́fíìsì wa láti wá béèrè ohun tó ń dá wa dúró. Inú mi dùn, mo ní ẹni tó máa bá mi tì í síwájú dé. Ọ̀sán ni, búrẹ́dì àti ẹyin wà nílẹ̀, a sì jọ jókòó jẹun. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn bí wọ́n ṣe tọ́jú àwọn ìjàpá náà. Jẹ́ kí n ṣàlàyé nǹkan kan fún ọ. Bí o bá ṣàdédé gbé ìjàpá igbó sókè, ẹ̀rù á bà á, á tọ̀ jáde, ìtọ̀ yẹn sì ni gbogbo omi tó fi pamọ́ sára de ọ̀gbẹlẹ̀. Ó lè ti ibẹ̀ kú. Bàbá mọ èyí, wọ́n sì láàánú. Wọ́n ní bí àwọn òṣìṣẹ́ àwọn ṣe ń kó wọn dé, àwọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan imú wọn kí wọ́n tó mumi. Wọ́n á kọ́kọ́ gbé wọn sínú báfù omi ńlá.

Wọ́n wí fún wa tìdùnnú-tìdùnnú pé, “Èmi kì í jẹ́ kí òùngbẹ jẹ ẹranko níyà. Mẹ́fà-mẹ́fà ni mò ń kó wọn sínú omi. Ẹ ì bá rí i bí wọ́n ṣe ń ti orí bọ̀ ọ́!”

Ẹnu Jẹ́jẹ́ dúró lórí búrẹ́dì. Ó rọra bèèrè pé, “Bàbá, ṣé báfù kan náà ni?”

“Kan náà ni. Mélòó lo fẹ́ kí n gbé gun òkè?”

“Omi ńkọ́, sà? Ṣé ẹ máa ń dà á nù bí àwọn kan bá mu tán?”

“Omi tó mọ́ lóló! Nínú ọ̀gbẹlẹ̀! Kí ni mo fẹ́ dà á nù fún?”

Jẹ́jẹ́ ní ẹ ṣeun sà, ó sì bu tíì sí i fún wọn. Èmi ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìgbà tí Bàbá lọ tán ló tó sọ fún mi pé ìjàpá kì í fi ètè mumi bíi tiwa. Gbogbo imú ló máa ń rì sínú omi, àwọn kan tilẹ̀ máa ń fi ihò imú fa omi náà. Bí ẹyọ kan tí ikun ń dà nímú rẹ̀ bá ti wọ báfù yẹn, gbogbo àwọn tó bá wọ̀ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀ ti fi omi ikun fọ imú. Àánú ni Bàbá ń ṣe, àánú yẹn gan-an ló da gbogbo imú pọ̀. Ọ̀rẹ́ mi, ẹni tó máa ṣe irú àṣìṣe yìí gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn ìjàpá. Aláìbìkítà kò lè ṣe é láéláé.

Mo ti mú fóònù. Mo ní kí a pe alága ní ìṣẹ́jú yẹn. Jẹ́jẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé e dojú dé orí tábìlì. Ó ní lákọ̀ọ́kọ́, ó ṣeé ṣe kí àwọn ìjàpá náà ṣàìsàn lóòótọ́, òun kò tíì rí ẹ̀rí. Ó ní yàtọ̀ sí ìyẹn, olùkọ́ òun ni Bàbá, wọn kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ bá wọn nílé. Wọn ò gbà á dáadáa. Wọ́n ní, “Ìwọ tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń di ẹranko mú!” wọ́n sì wọlé lọ, wọ́n fi í sílẹ̀ níta. Nígbà tó délé, ó kàn ń fọ abọ́ tó ti mọ́.

Kò pẹ́ tí ìgbìmọ̀ pe ìpàdé. Jẹ́jẹ́ sọ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kéré, gbogbo wọn sì ń wo ojú Bàbá Dókítà tí wọn ò tì í lẹ́yìn. Alága ti fẹ́ ká ọ̀rọ̀ náà nílẹ̀. Ni mo bá dìde. Mo ní kí wọ́n fún wa ní àkókò sí i.

Alága bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, “Ta ló ń sọ̀rọ̀ yẹn? Ìwọ? Ìwọ tí o kò jẹ́ kí n jẹun àárọ̀ nítorí ìwé àṣẹ, ìwọ lo wá ń tọrọ àkókò?” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Mo ní èmi ni, sà. Mo ní, “Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ wò. Bí a bá dúró, tí a sì rí i pé wọ́n ń ṣàìsàn, ẹ ṣì lè pa wọ́n kí òjò tó rọ̀. Bí ẹ bá pa wọ́n lónìí, tí a wá rí i pé ara wọn le, kí lẹ fẹ́ ṣe sí i? Ẹ sọ fún mi, kí n kọ ọ́ sílẹ̀.” Wọ́n ní ó dáa, títí di òjò àkọ́rọ̀. Bí òjò bá fi rọ̀ kí a tó mú èsì dé, ọ̀rọ̀ parí.

Ìgbà yẹn ni o ì bá wá wò mí. Mo ṣètò òkè yẹn bí ẹní ṣètò ilé ìtajà. Ẹnu ihò kálukú ni a ti ń yẹ̀ ẹ́ wò, a kì í kó wọn pọ̀. A kì í gbé wọn sókè, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni a ti ń dì wọ́n mú kí wọ́n má baà tọ̀. Jẹ́jẹ́ á fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní òwú lórí kan ihò imú, á tì í bọ inú ìgò, á gbé e sínú yìnyín. Ìbọ̀wọ́ tuntun fún ìjàpá kọ̀ọ̀kan, ìbáà jẹ́ pé igbá ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan la fọwọ́ kàn. Ìjàpá tó bá tọ̀, abọ́ omi tirẹ̀ lọ́tọ̀, abọ́ náà kò sì gbọdọ̀ kan òmíràn mọ́. Ìbọ̀wọ́ tán lọ́jọ́ kan, mo wa ọkọ̀ lọ bẹ nọ́ọ̀sì àgbà kan ní ilé ìwòsàn títí ó fi tú páálí kan fún mi.

Ṣùgbọ́n ẹ̀dá wo ló tún lọ́ra tó ìjàpá tí kò fẹ́ yọrí? O ò lè fà á. Ọ̀kan wà, òun ló tóbi jù lórí òkè, àwọn òṣìṣẹ́ sọ ọ́ ní Ọ̀gá Pátápátá. Ó fa orí wọlé láàárọ̀, ó sì fi wá sílẹ̀ níta. Jẹ́jẹ́ dojú bolẹ̀ níwájú rẹ̀ nínú oòrùn, igi olówùú lọ́wọ́. Mo wo ojú ọ̀run, ìkúukùu ti ń dì. Mo ní, “Fi eléyìí sílẹ̀ jọ̀ọ́, ká lọ sọ́dọ̀ òmíràn.” Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹ bá ń pariwo báyìí, ọ̀la la máa kúrò níbí.” Inú bí mi, mo lọ jágbe mọ́ dírẹ́bà. Ìgbà tí n kò sí níbẹ̀ ni ẹran náà yọrí.

Èsì jáde. Ọ̀rẹ́ mi, jókòó dáadáa. Imú ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn kún fún ayálégbé, oríṣiríṣi, imú ẹnì kan kò jọ ti ẹnì kejì. Kòkòrò burúkú náà wà nínú imú díẹ̀ nínú wọn tí ara wọn sì le bí òkúta. Inú imú àwọn mélòó kan tó ń ṣe ọ̀fìnkìn ni ilé ti ṣófo, tí ìpáǹle ti gba gbogbo yàrá. Èyí tó wá mú orí mi wú jù ni pé gbogbo ìjàpá tó wọ báfù Bàbá la tún yẹ̀ wò. Ìpáǹle tó bá omi báfù wọlé kò ríbi gbé nínú imú ọ̀pọ̀ wọn. Àwọn onílé ti lé e jáde. Ohun tí àbúrò mi ti ń sọ láti ìgbà tí kò sẹ́ni tó ń gbọ́ nìyẹn.

Ọ̀dọ̀ Bàbá Dókítà ló kọ́kọ́ gbé e lọ. Mo ní kó má lọ, kí wọ́n má tún tì í síta. Ó lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n jẹ́ kó wọlé. Ó ní wọ́n ń bi òun léèrè títí ilẹ̀ fi ṣú: ta ló di ìjàpá mú, ihò wo ni, ìbọ̀wọ́ ńkọ́, abọ́ omi ńkọ́. Wọn ò sọ pé ó dáa, wọn ò sọ pé kò dáa. Nítorí náà, nígbà tí a dé ìpàdé kejì, tí òjò sì ti ń kù lókè, èmi ò mọ ibi tí wọ́n máa dúró sí.

Alága ní kí Bàbá Dókítà sọ̀rọ̀ ná. Wọ́n dìde, wọ́n di ẹ̀yìn àga mú. Wọ́n ní, “Èmi ni mo fún àwọn ẹran yẹn lómi mu nínú báfù kan. Omi mi ni mo yẹ̀ wò, n kò yẹ imú ìjàpá kankan wò. Ọmọ yìí ló yẹ̀ wọ́n wò. Òun ni kí ẹ gbọ́.” Wọ́n jókòó.

Ni Jẹ́jẹ́ bá dìde, ohùn rẹ̀ sì jáde ketekete. Ó sọ nípa ilé, ó sọ nípa ayálégbé, ó fi àwòrán hàn wọ́n. Ọkùnrin kan níwájú ní, “Ṣé ohun tí ò ń sọ ni pé kòkòrò burúkú wà nínú imú àwọn kan, ká sì fi wọ́n sílẹ̀?” Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Àwọn burúkú kan wà nínú imú àwa tí a jókòó síbí náà, a ò sì tíì pa ara wa.” Ọ̀rẹ́ mi, bí mo ṣe ń wò, ọwọ́ alága rọra lọ sí imú rẹ̀. Wọ́n ní kí a má pa ẹyọ kan. Àwọn tó ń ṣàìsàn nìkan ni kí a kó kúrò, kí a tọ́jú wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bàbá Dókítà ní ọgbà àwọn wà nílẹ̀, kí Jẹ́jẹ́ wá sọ bí òun ṣe fẹ́ kí àwọn pààlà rẹ̀. A kò tíì dé ilé tí òjò fi rọ̀.

Ìyá wa kò jẹ́ kí àdúgbò sinmi mọ́. Gbogbo ẹni tó bá kọjá ni wọ́n ń sọ fún pé ọmọ àwọn ló ń wo ọ̀fìnkìn ìjàpá. Aládùúgbò kan tilẹ̀ gbé ọmọ rẹ̀ tí ikun ń dà nímú rẹ̀ wá, ó ní kí dókítà bá òun fi òwú kàn án. Jẹ́jẹ́ ní kó lọ fún ọmọ ní omi gbígbóná mu, kó sì jẹ́ kó sùn. Ìyá wa bínú, wọ́n ní kò ṣe é dáadáa.

Àná la dá àwọn tí ara wọn ti yá padà sórí òkè, kálukú sí ẹnu ihò tirẹ̀. Koríko ti hù, ilẹ̀ ṣì tutù. Èmi ni wọ́n ní kí n gbé ọ̀kan. Mo gbé e bí ẹní gbé abọ́ tó kún fún omi, mo rọra gbé e kalẹ̀, mo sì sún sẹ́yìn. Ó dúró. Imú rẹ̀ gbẹ, ó mọ́ tónítóní. Ó na ọrùn, ó gbóòórùn koríko, ó bù ú jẹ. N kò gbọ́ ìró kankan nínú èémí rẹ̀, àfi ìró koríko tó ń jẹ. Ọ̀rẹ́ mi, mo dúró síbẹ̀, mò ń wò ó, n kò mọ ìgbà tí omi dé ojú mi. Ó jẹun tẹ́rùn, ó yí padà, ó wọ ihò rẹ̀ lọ. Mo ṣì ń wo ẹnu ihò náà nígbà tí Jẹ́jẹ́ fọwọ́ kàn mí léjìká.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yára. Àwọn tó kù ń dúró dè wá nínú ọkọ̀.”

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì fi ẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu fún mi. Sọ fún màmá pé mo ń béèrè orúnkún wọn. Jẹ́jẹ́ ní òun kí ọ púpọ̀púpọ̀. Tètè dá mi lóhùn.

Èmi náà ni, ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́ tí kò yí padà,

Kíákíá.